Ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú tí kì í jáni kulẹ̀: àwọn tí mo ti yìn, àti èyí tí mo mú

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn wo lèèyàn lè rà tí kò ní gbọ́n owó ẹni gbẹ, tí kò sì ní dójú tini?" Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní títì Bissonnet, ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas níbí. Awakọ̀ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè, àti nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ lóru, àti ẹni tó ń dá ti ṣọ́ọ̀bù pa lálẹ́ bíi tèmi. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn olówó ńlá wà. Owó ilé ni kò jẹ́ kí wọ́n yà síbẹ̀. Nítorí náà, kò sí èyí tó ju 400 dọ́là lọ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Mo ní mẹ́ta nínú wọn nílé. Àwọn yòókù, mo háyà wọn yìn ní réńjì, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn yáni fún owó díẹ̀.

Kí n tó dárúkọ ìbọn kankan, ohun kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi: níbo ni ilé iṣẹ́ yìí ti dín owó kù? Kò sí ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọn ò fá ibì kan lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ara rẹ̀ ni wọ́n fá, tàbí sáìtì tí a fi ń fojú sun nǹkan, tàbí ẹwà ojú lásán, ẹ gbé e. Bó bá jẹ́ mágásìn, àpótí kékeré tó ń kó ọta sínú ìdìmú ni, ẹ sá fún un.

Ìbọn tí mo kọ́kọ́ rà ló kọ́ mi lẹ́yìí, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Mágásìn méjì ló bá a wá. Ètè ọ̀kan, ibi tórí ọta ti ń yọjú, là díẹ̀ ju ti èkejì lọ, ó kàn jẹ́ pé ẹni tí kò bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní rí i. Bí mo bá ti fi onílílà yẹn sínú ìbọn, ọta á gbé imú sókè jù, á lọ há sẹ́nu ọ̀pá, síláìdì, irin orí ìbọn tó ń sún síwájú sẹ́yìn, á dúró sí agbedeméjì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ há lọ́fun. Bí mo bá fi èkejì sí i, á yìn títí tá á fi tán. Ìbọn kan náà, ọta kan náà, ọwọ́ kan náà. Látìgbà náà ni mo ti ń fi píńtì kọ nọ́ńbà sí ìdí gbogbo mágásìn tí mo bá ní, kí n lè mọ èyí tó jẹ̀bi nígbà tí wàhálà bá dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé ìbọn àwọn kò dáa, mágásìn ni kò dáa.

Hi-Point C9 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fúnni, torí pé agbára káká lẹ fi máa rí tuntun tó dínwó tó o: nǹkan bíi 200 dọ́là. Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibi tí wọ́n ti dín owó kù kò fara sin rárá. Síńkì tí wọ́n yọ́ dà sínú mólùdù ni wọ́n fi ṣe síláìdì rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ti ọ̀pá mọ́ síláìdì nígbà tí ọta bá bú. Ìwúwo síláìdì àti sípíríǹgì nìkan ló ń dá agbára ọta 9mm dúró. Ìdí nìyẹn tó fi nípọn bẹ́ẹ̀, tó fi wúwo tó áùnsì 29, síbẹ̀ tí mágásìn tó ń bá a wá kò gbà ju ọta mẹ́jọ lọ. Àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n èyí tí mo háyà kò há lẹ́ẹ̀kan. Wáráńtì rẹ̀ kì í tán, kódà bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lẹ ti rà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi sínú àpótí nílé tí kò sì lówó púpọ̀ lọ́wọ́, ó tó o. Ẹni tó bá fẹ́ máa há a mọ́ ìbàdí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un kó tó di ọ̀sán.

Taurus G3C ni mo ń há mọ́ ìbàdí. Ará Brazil ni Taurus, Porto Alegre ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1939, ẹ̀ka wọn ti Amẹ́ríkà sì kó kúrò ní Miami lọ sí Bainbridge, ní Georgia, lọ́dún 2019. G3C wúwo tó áùnsì 22, ó ń gba ọta 12, mágásìn mẹ́ta ló sì wà nínú páálí rẹ̀. Mágásìn mẹ́ta, fún ìbọn tí mo rà ní ohun tí kò tó 300 dọ́là! Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba ìlọ́po méjì owó yẹn, méjì ni wọ́n ń fúnni. Èyí nìkan tó láti fi hàn mí pé wọn ò fá ibi tí kò yẹ. Ibi tí mo rò pé wọ́n ti fá ni tírígà tí ìka ń fà. Ó ń rìn lọ díẹ̀ lófìfo kó tó dé ibi tí iṣẹ́ wà, bó bá sì débẹ̀, á le díẹ̀, á wá já. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé á mọ ibẹ̀ láì wò ó. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn ni pé bí ọta bá kọ̀ tí kò bú, èèyàn lè tún tírígà fà kí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tún gún un lẹ́ẹ̀kejì, láì kọ́kọ́ fa síláìdì.

Mo ti yìn ín dọ̀tí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láì nù ún títí èéfín fi dúdú sí gbogbo inú rẹ̀, ó ṣì ń ju èèpo ọta nù bó ṣe yẹ. Ìyẹn kò wá ní kí n má sọ ìtàn Taurus bó ṣe rí. Lọ́dún 2015, wọ́n fẹnu kò láti san owó tó lè tó mílíọ̀nù 39 dọ́là lórí ẹjọ́ kan tó ní àwọn ìbọn wọn àtijọ́ lè dá yìn bí wọ́n bá já bọ́ sílẹ̀. Wọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi. PT-111 Millennium àkọ́kọ́ àti PT-24/7 wà lára àwọn tọ́rọ̀ kàn. Lọ́dún 2023 ni wọ́n tún fúnra wọn kìlọ̀ nípa àwọn kan lára ìbọn wọn tó ń jẹ́ GX4, tí wọ́n ní kí àwọn oníbàárà yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò. G3C kò sí nínú ti 2015 yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Millennium àtijọ́ ní 150 dọ́là lórí káńtà, kó má jẹ́ kí owó yẹn fà á lójú.

Ruger EC9s àti SD9VE ti Smith & Wesson, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ti Ruger pẹlẹbẹ, kò wúwo, ó ń yìn dáadáa, sáìtì ni wọ́n ti fi dín owó kù: wọ́n gé e mọ́ síláìdì ni, kò sì ṣeé pààrọ̀. Ti Smith & Wesson, tírígà ni. Gbogbo ẹni tó bá ti dì í mú ló mọ̀ pé ó le. Àwọn kan ní ìyẹn gan-an ló dáa, pé kì í jẹ́ kí ìka sáré. Ó gba ọta 16, ó sì lágídí bí ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo mú fún ṣọ́ọ̀bù, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí: tòkunbọ̀ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìjà ìbọn tó ṣẹlẹ̀ ní Miami lọ́dún 1986, tí àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kú níbẹ̀, FBI bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún 1990 ni ọta .40, tó tóbi ju 9mm lọ, jáde, àwọn ọlọ́pàá káàkiri Amẹ́ríkà sì wọ́ tọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, FBI fúnra rẹ̀ padà sí 9mm, torí pé ọta 9mm ti dára sí i, kì í sì í ta ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tún tẹ̀ lé e. Ẹ wá fojú inú wo iye Glock 22 àti M&P40 (ìbọn ọta .40 ni méjèèjì) tí wọ́n dá padà fún àwọn oníṣòwò. Ìbọn tí tuntun rẹ̀ kọjá apá wa ló di ohun tó lé díẹ̀ ní 300 dọ́là yẹn.

Ní ti ìwọ̀nyí, kò síbi tí ilé iṣẹ́ ti fá nǹkan kan. Ìjọba ló ti san owó rẹ̀ ṣáájú yín. Tèmi, ara síláìdì rẹ̀ ti họ lẹ́bàá ẹnu, níbi tí àpò aláwọ ti ń fi ara gbò ó lójoojúmọ́, igun ìdìmú rẹ̀ náà sì ti dán nípasẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti bẹ́líìtì àga. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun. Ọlọ́pàá púpọ̀ ń gbé ìbọn kiri ju bí wọ́n ṣe ń yìn ín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n tú u fún yín. Ẹ wo inú ọ̀pá sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ètè mágásìn, kí ẹ sì pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀, kò wọ́n. Sáìtì tó ń tàn lókùnkùn máa ń wà lórí wọn, ṣùgbọ́n ìdajì agbára rẹ̀ máa ń lọ láàárín nǹkan bí ọdún 12, nítorí náà ẹ pa iná yàrá kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ dídùn tí olùtajà bá ń sọ nípa rẹ̀. Tèmi ti kú pátápátá. Wàhálà méjì ló kù: ọta .40 wọ́n ju 9mm lọ, ó sì ń ta ọwọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìyẹn lè ra ọ̀pá 9mm tí wọ́n ṣe fún un.

Ìyá àwọn ọmọ mi kò gba èyíkéyìí nínú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára láti fa síláìdì wọn sẹ́yìn. Ruger Security-380 ló mú. Sípíríǹgì rẹ̀ fúyẹ́, síláìdì rẹ̀ sì ṣeé dì mú, ọta rẹ̀ kò sì ta ọwọ́ púpọ̀. Kò lágbára tó 9mm, àmọ́ ìbọn tí ẹni tó ni ín kò lè fà, àlòkù irin lásán ni.

Nípa owó, ẹ má ṣírò ti ìbọn nìkan. Àpótí ọta 9mm tó jẹ́ àádọ́ta, nǹkan bíi 15 dọ́là ni lásìkò tí ọjà bá rọ̀. Nígbà kòrónà, ó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i rà. Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìbọn kankan títí tí yóò fi yìn igba ọta ó kéré tán láì há, pẹ̀lú àpótí kan tàbí méjì nínú ọta olórí ihò tí mo máa fi sínú rẹ̀ gan-an, torí ẹnu ihò yẹn ni àwọn ìbọn kan kì í gbé mì. Owó yẹn lè tó ìdajì owó ìbọn. Àpótí onírin tó ń tì, ẹ fi kún un pẹ̀lú. Ní Texas, ẹni tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn rẹ̀ mú nítorí àìbìkítà ń wá ẹjọ́.

Orúkọ Yorùbá wa máa ń fa ìdádúró nígbà tí èèyàn bá ń ra ìbọn. Bí orúkọ tẹ́ ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù 4473, èyí tí olùtajà máa ní kí ẹ kọ, kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti káàdì yín, tàbí tó jọ ti ẹlòmíràn lójú kọ̀ǹpútà FBI, wọ́n lè ní kí ẹ padà wá. Ẹni tó bá ní gíríìnì káàdì lè rà á, ẹni tó wà lórí físà lásán kò lè rà á àfi bí òfin bá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ń dá yín dúró ní gbogbo ìgbà, ẹ kọ̀wé sí FBI kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiyín, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ní Texas, ìwé àṣẹ ìgbébọn tó jẹ́ 40 dọ́là ń gbani lọ́wọ́ àyẹ̀wò FBI yẹn, àmọ́ ẹ ṣì máa kọ fọ́ọ̀mù.

Ẹ má sì bá ẹlòmíràn tí òfin kò gbà láyè rà á, torí látọdún 2022, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ̀ ń pè mí láti Ìbàdàn náà, òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn ìléwọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ, tibí náà kò sì gbà kí n dì í sínú báàrẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú bàtà àti ìrẹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí sí i lórí ọ̀rọ̀ yẹn.