Páálí gémù tó gbà mí lọ́wọ́ "mi ò ní lè wá mọ́"

Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtikó èèyàn mẹ́rin jọ ṣe gémù onítàn n'Ífẹ̀ yìí mọ nǹkan tójú mi rí. Ọ̀kan nínú wa nọ́ọ̀sì ni, tí wọ́n bá ti gbé e sí iṣẹ́ alẹ́, ó parí. Ẹ̀gbọ́n kan ń ta páàtì mọ́tò ní Sábó, tó bá lọ kó ọjà l'Ékòó ẹ ò lè mọ ìgbà tó máa dé, àwọn méjì tó kù wà ní OAU, tẹ́ẹ̀sì tiwọn kì í tán. Ìtàn tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ hun fún wọn, inú ihò la bá a dé, inú ihò náà ni wọ́n ṣì wà dòní (ẹ má rẹ́rìn-ín).

Ìdí tí mo fi ra D&D (Dungeons & Dragons) Essentials Kit nìyẹn, 2019 ló jáde. Ẹni tí ò bá mọ gémù ọ̀hún, ẹ rò ó bí àlọ́: ẹnì kan ń pa á, àwọn yòókù ń sọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ẹ̀, dáìsì ló ń sọ bóyá ó máa bọ́ sí i. Dáìsì 11 ló wà nínú páálí náà, pẹ̀lú ìwé, máàpù àti káàdì.

Ibi tó ti bá mi lára mu ni pé pátákó iṣẹ́ kan wà nínú ìlú tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ lọ ṣe é, ẹ padà wá gbowó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì ń parí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wá ló ń lọ, ẹni tí ò wá, a ní ó wà ní búkà ń jẹ iyán.

Sátidé kan, èmi àti nọ́ọ̀sì nìkan la wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣètò ìyẹn náà sínú ìwé, wọ́n ní kẹ́ ẹ fún ẹni tó dá wá ní ẹni tó máa tẹ̀ lé e, ẹmẹsẹ̀ là ń pè é, àbí kí la tún fẹ́ pè é n'Ífẹ̀. Iṣẹ́ tó mú ni ti agbẹ̀bí kan tí ẹranko abìyẹ́ fẹ́ pa jẹ lórí òkè. Mo ti ń retí ìjà, àfi bí sìstá ṣe bi ẹranko pé ṣé ebi ló ń pa á ni, ó yọ ẹran gbígbẹ lápò, ó ju dáìsì olójú ogún, 20! Ariwo tó pa, ìyá onílé kanlẹ̀kùn.

Ẹni tó bá mi gbé e wọ̀lú ká máàpù bí aṣọ àlòkù, ìyẹn dùn mí. Bákan náà, ìpele 6 ni ìtàn inú ẹ̀ mọ (ìpele la fi ń mọ bí agbára ẹni inú ìtàn ṣe tó), ẹni tó ń wá déédéé sì lè fi àwọn yòókù sílẹ̀, èmi kàn ń gbé gbogbo wọn sókè pọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú.

Ẹ̀gbọ́n onípáàtì ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti yọ káàdì iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, mo sì ti mú ẹmẹsẹ̀ méjì dání.