Ọjọ́ mẹ́ta ní Silverstone: ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì MotoGP ò wọgbó?

Kí n tètè sọ ọ́: ẹni tó bá fẹ́ mọ bí MotoGP, eré ìje alùpùpù, ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó jókòó sílé rẹ̀, kó tan tẹlifíṣàn. Ọ̀nà eré Silverstone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn tó kìlómítà 5.9. Ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí, bíńtín lẹ máa rí nínú rẹ̀. Wọ́n á kọjá fìrì, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á tún kọjá. Síbẹ̀, mo ti ń tọ́jú owó láti padà lọ.

Ìdíje MotoGP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kejì sí ìkẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2024, ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ. Ọdún yẹn ló pé ọdún 75 tí ìdíje àgbáyé yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1949, làwọn ẹgbẹ́ bá kun máṣíìnì wọn láwọ̀ ayé àtijọ́ fún eré ọjọ́ Àìkú. Ti Yamaha funfun, ó sì ní pupa lára. Bàbá mi gun Yamaha n'Ìbàdàn. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi àkísà nu táǹkì rẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo dúró wo ti Silverstone títí ọmọ mi fi fà mí láṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì la fi wá ibi tó dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì tiwa kò ní àga, orí koríko lèèyàn ń jókòó, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn torí ó jẹ́ ká lè rìn káàkiri. Ẹ̀bá kọ́ọ̀nà Copse ò wù mí: eré ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú lè gbá mú. Kọ́ọ̀nà Stowe ni tèmi. Ibẹ̀ ni ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Hangar Straight parí sí (pápákọ̀ òfurufú ológun ni gbogbo ilẹ̀ yẹn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá, torí hangar nilé tí wọ́n ń kó bàálù sí). Máṣíìnì á bá eré tó lé ní 300 kìlómítà ní wákàtí kan dé, ẹni tó gùn ún á gbé àyà sókè pàdé atẹ́gùn, á fa bíréèkì, táyà ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Á wá ju ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọlọ́kadà tó ń fi sálúbàtà wọ́lẹ̀.

"Dádì, ṣé bíréèkì ẹ̀ ti já ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Tẹlifíṣàn ò lè fi ìyẹn hàn yín bó ṣe rí, kò sì lè mú àyà yín gbọ̀n tẹ̀lé ẹnjíìnì. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ máa fi dí etí dání o, pàápàá fún ọmọdé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bà mí nínú jẹ́. Bọ́ọ̀sì tá a ti sanwó ẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ ju wákàtí kan lọ kó tó gbé wa, awakọ̀ ò tiẹ̀ tọrọ àforíjì. Aleix Espargaró ti fi máṣíìnì Aprilia gba ipò àkọ́kọ́ lórí ìlà tí wọ́n ti máa gbéra ká tó wọlé. A ṣáà bá eré kúkúrú ọ̀sán, ìyípo 10 péré: Francesco Bagnaia, tó wà níwájú ìdíje ọdún náà, ṣubú, Enea Bastianini gbégbá orókè. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n. Ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù tiyín lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Jake Dixon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba Moto2, eré ìpele tó tẹ̀ lé MotoGP, ariwo sọ. Eré ńlá wá jẹ́ ìyípo 20. Bagnaia ló kọ́kọ́ ṣíwájú, Jorge Martin gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Bastianini ò kánjú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó máa ń ṣẹ́ táyà ẹ̀yìn kù de ìparí. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà: tí nọ́ńbà 89 ti Martin bá kọjá, á ní "ení, èjì" kí 23 ti Bastianini tó dé. Nígbà tó yá, "ení" nìkan ló ń rí kà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ráyè la ẹnu rárá. Nígbà tí eré fẹ́ parí, 23 ló kọ́kọ́ yọ láti Hangar. Kò kà mọ́, ó ń fò sókè ni.

Bastianini kó máàkì 37 láàárín ọjọ́ méjì, Martin sì gba iwájú ìdíje ọdún náà padà lọ́wọ́ Bagnaia.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tíkẹ́ẹ̀tì orí koríko tó o. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ bá a ra àga. Ní tiwa, Stowe náà la máa tún jókòó sí. Bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ò ní rí wa mọ́: ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ lọ sí Northampton nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ká sùn síbẹ̀.