"American Independent" àbí "No Party Preference": èwo lẹ fẹ́ sàmì sí ní Kalifọ́níà?

Ẹni tí kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ṣe máa ń wá "independent" lórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí kòtò. American Independent Party, ẹgbẹ́ gidi ni. Òun ló fa George Wallace kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún 1968, Wallace, gómìnà ìpínlẹ̀ Alabama, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Alabama lọ́dún 1963 kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú má baà wọlé. Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà ní Los Angeles, tó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì síbẹ̀!

"No Party Preference" ni ti ẹni tí kò lẹ́gbẹ́.

Tó bá jẹ́ ìdìbò ìbílẹ̀ nìkan, méjèèjì ò yàtọ̀: a kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ síwájú ẹni tó ń du ipò méyọ̀ tàbí ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Ti gómìnà náà, bébà ìdìbò kan náà ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́.

Ìdìbò abẹ́nú fún ipò ààrẹ ló ń tú àṣírí. Aláìlẹ́gbẹ́ lè béèrè bébà Democrat. Ẹni tó wà nínú American Independent ò lè rí i gbà. Republican kì í fún èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n aláìlẹ́gbẹ́ tó ń fi lẹ́tà dìbò gbọ́dọ̀ tètè béèrè o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bébà tó máa dé ilé rẹ̀ ò ní lórúkọ olùdíje ààrẹ kankan. Ẹni tó bá ti ṣi àmì sí, kó tún orúkọ fi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.