Ẹ̀kọ tútù, mọ́ínmọ́ín ewé àti omi káṣú: bùkà tó ń gbà mí lọ́wọ́ ooru ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bùkà kan tí mo máa ń jẹun ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí mo ń pariwo ẹ̀ tó báyẹn, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Kò ní saínbọ́ọ̀dù o. Ilé páànù kékeré ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sọ́jà, igi máńgòrò ńlá kan ló ṣíji bò ó, ibòji yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fà mí wọbẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú oṣù February tí oòrùn fẹ́ dá mi dùbúlẹ̀.

Ẹni tó bá gbé apá ọ̀dọ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ọyẹ́ bá ti lọ tán báyìí, títí òjò á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ lápá April, ooru tó máa ń mú láti Kàbà títí dé Lọ́kọ́ja kì í ṣe kékeré, òru gan-an ò ní tutù. Ẹ wá wo ohun tá a máa ń jẹ ní aago 2 ọ̀sán nínú ooru yẹn: iyán gbígbóná, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo léfòó sójú ẹ̀, ẹran ńláńlá. Mo fẹ́ràn iyán o! Ọmọ Ọ̀kun ni mí, àwa Yorùbá Kogi, kò sẹ́ni tó máa gba iyán lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án nínú oṣù March, ńṣe ni ara mi máa ń wó, òógùn á bò mí, iṣẹ́ ò ní ṣeé ṣe mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, màá wá lọ ra mínírà tútù méjì torí òùngbẹ, òùngbẹ yẹn ò sì ní lọ torí ṣúgà inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá mi náà nìyẹn, àwọn sì ní bíípíì, dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Àjọ WHO tó ń rí sí ìlera lágbàáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lóòjọ́ ò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ò ju bíi ṣíbí tíì kan lọ, tẹ́ ẹ bá wá ro iyọ̀ inú máàgí mọ́ ọn ẹ ó rí i pé ọbẹ̀ bùkà kan ṣoṣo ti lè gbà á tán.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Mọ́mì tó ni bùkà yìí nìyẹn. Ìrù ni wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́, ìrù tó ń ta sánsán, ata rodo, àlùbọ́sà, epo díẹ̀, àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti Lọ́kọ́ja. Mo bi Mọ́mì pé ṣé wọn ò fi máàgí sí i ni, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹyọ kan fún odindi ìkòkò, ìrù ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo mú Bàbá lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní ẹ̀fọ́ náà tẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán ṣá, wọ́n ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un.

Ohun tí mo máa ń rà ni ẹ̀kọ tútù méjì, mọ́ínmọ́ín ewé kan, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre, gbogbo ẹ̀ ò ju 1,200 náírà lọ. Ewé ni mọ́ínmọ́ín yẹn o, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ ó gbóòórùn ewé náà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tú u. Ẹ̀wà ń fún ara lókun, ẹ̀kọ sì fúyẹ́, ó tutù nínú, mo lè jẹ ẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsùn. Oúnjẹ àwọn ìyá wa látijọ́ ni, kò sóhun tuntun níbẹ̀, àwa la fi í sílẹ̀ fún àárọ̀ nìkan bíi pé kò ṣeé jẹ lọ́sàn-án.

Ẹ wá jẹ́ n sọ̀rọ̀ omi káṣú, torí òun gan-an ló mú mi kọ nǹkan yìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé káṣú pọ̀ ní Kogi, láti February títí lọ sí April ẹ ó máa rí i nílẹ̀ lábẹ́ igi káàkiri, pupa, yẹ́lò. Kí là ń ṣe sí i? A á já kóró ẹ̀ torí òun ló ń pa owó, a á ju èso ẹ̀ nù, á jẹrà síbẹ̀, eṣinṣin á bò ó. Ó ń dùn mí gan-an ni! Èso yẹn fítámìn C ẹ̀ ju ti ọsàn lọ dáadáa, omi ló kún inú ẹ̀, àsìkò tí ara wa ń wá omi gan-an ló sì ń pọ́n. Nǹkan tí Ọlọ́run gbé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ là ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá lọ ra mínírà.

Mọ́mì ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa kóró. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á da omi ògì díẹ̀ sí i, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, kí wọ́n tó wá sẹ́ ẹ. Omi ògì yẹn ló ń gbé ohun tó máa ń há èèyàn lọ́fun nínú káṣú lọ sísàlẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe ahọ́n bíi pé nǹkan fà á, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí kó kù fẹ́ẹ́rẹ́. Wọn kì í fi ṣúgà sí i rárá torí ó dùn tẹ́lẹ̀, atalẹ̀ ni wọ́n máa ń rẹ́ díẹ̀ sí i. Ike kékeré kan 300 náírà. Èyí tí mo kọ́kọ́ mu, mo jókòó síbẹ̀ mo ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Ẹ ṣọ́ aṣọ funfun o, tó bá ta sí i kò ní kúrò, mo ti fi ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣòfò. Ẹ má sì rà á lọ sílé pé ẹ máa mu ún lọ́la, kíá ló máa ń kan, tó bá di ọjọ́ kejì á ti fẹ́ di ọtí, Mọ́mì fúnra wọn kì í ta àṣẹ́kù ọjọ́ kejì.

Kúnú náà wà, jéró ni, dàbínù ni wọ́n fi ń mú un dùn. Ó dáa, àmọ́ mo ti mu èyí tó dùn jù ú lọ ní Ìsánlú. Zobo wọn ò bá mi lára mu, kànáfùrù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọtamẹ́lọ̀n àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti gé sínú ike ni wọ́n gbé síta láti àárọ̀, kò sí kúlà, kò sí yìnyín. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá, bùkà kan tí mi ò ní dárúkọ ta ìrẹsì àárọ̀ fún mi ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sáré lọ sí ṣáláńgá. Oúnjẹ tá a ti sè tàbí èso tá a ti gé ò yẹ kó lò ju wákàtí 2 lọ níta láìsí nǹkan tútù, nínú irú ooru wa yìí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo bá bá wọn sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè kó èso yìí sínú kúlà?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iná ọjọ́ kẹrin rèé tí ò wá, yìnyín ti di góòlù." Mo ní kí wọ́n kúkú má gé e títí oníbàárà á fi béèrè. Wọn ò dá mi lóhùn nígbà yẹn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, odindi ni wọtamẹ́lọ̀n wà lórí tábìlì, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n gé tèmi lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn débi tí ọmọ wọn fi ń wò mí.

Máńgòrò wọn náà, orí igi tó wà lókè wa yẹn ló ti ń já, òórùn ẹ̀ nìkan ti tó. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà kábáìdì pọ́n lọ́jà, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ àìmọye ìgbà, ẹ̀yìn ẹ̀ á yẹ́lò rokoṣo, kò ní lóòórùn, inú ẹ̀ á sì le.

Ìjókòó ò tó, bẹ́ǹṣì méjì péré ni, trànsfá sì máa ń ṣòro tí nẹ́tíwọọkì bá lọ, ẹ mú káàṣì dání. Ẹ tètè lọ kí aago 1 tó lù, torí omi káṣú kì í kọjá àsìkò yẹn, àwọn ọlọ́kadà ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń mu ún tán. Lánàá aago 1 kọjá díẹ̀ ni mo débẹ̀, Mọ́mì kàn dojú ike dé ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ku ọ̀la.