Ẹ yẹ fẹ́ǹsì wò kí ẹ tó sanwó bandsaw tòkúnbọ̀

Ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó láti ra bandsaw tòkúnbọ̀ (ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ gbọọrọ ń yí lórí wíìlì) kí ẹ lè máa la pákó fúnra yín, ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

N kò ní dárúkọ oníṣòwò tó ta tèmi fún mi. Ọgbọ́n tó lò ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀. Ẹ̀rọ náà dùn ún wò: wọ́n ti tún un kùn, mọ́tò rẹ̀ kò pariwo. Nígbà tí mo ní kó dán an wò, ó mú arère pẹlẹbẹ kan, ó fi ọwọ́ lásán tì í kọjá lẹ́nu bíléèdì. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i? Bí ẹni ń gé ẹ̀kọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Arère! Igi tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ayùn ọwọ́ gé láìlàágùn. Kò tiẹ̀ lo fẹ́ǹsì, n kò sì bi í léèrè ìdí.

(Fẹ́ǹsì tí mo ń wí kì í ṣe ti ilé o. Irin gbọọrọ orí tábìlì ẹ̀rọ ni, èyí tí pákó máa ń fara tì bó ṣe ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ la pákó nínípọn sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ yín máa dọ́gba.)

Nílé, mo gbé igi apá oníbàárà kalẹ̀, ó ga ní íǹṣì 6, mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó jáde, orí kan nípọn ní mìlímítà 6, orí kejì 10. Mo pe oníṣòwò. "Ọ̀gá, kò sí bandsaw tí kì í fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíléèdì ni. Mo ní tuntun lọ́wọ́." Mo ra méjì. Ó tún wá burú sí i, pákó ń yọ ikùn láàárín. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ka eyín wọn: 10 nínú íǹṣì kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, eyín 3 nínú íǹṣì kan la fi ń la pákó gíga, kí ìyẹ̀fun igi lè rí àyè jáde. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ọjà tòkúnbọ̀ kò ní ìdápadà.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló fi mú mi. Bandsaw máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòótọ́, bí eyín bíléèdì bá mú lápá kan ju èkejì lọ, tàbí tí bíléèdì kò bá jókòó dáadáa lórí rọ́bà wíìlì. Ṣùgbọ́n fífà yẹn ṣe é bá lò. Ẹ fa ilà sára pákó kan, kó bá etí rẹ̀ tó tọ́ mu. Ẹ fi ọwọ́ lásán gé tẹ̀lé ilà náà dé ìdajì, kí ẹ dúró, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí pákó má kúrò níbi tó wà. Bó ṣe dagun lórí tábìlì yẹn ni bíléèdì ṣe fẹ́ kí igi máa bọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ to fẹ́ǹsì bá àmì náà.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igun kan náà ló ń jáde. Mo to fẹ́ǹsì síbẹ̀, mo dè é le, mo gé: orí kan nípọn, orí kan fẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé fẹ́ǹsì gan-an ló ń rìn. Mo tú u. Kì í ṣe ti ẹ̀rọ yẹn rárá! Wọ́n lu ihò tuntun fún bọ́ọ̀tù, wọ́n fi wọ́ṣà dí àlàfo, wọ́n sì kun ọ̀dà bò ó. Iwájú nìkan ni ìdè rẹ̀ ń di tábìlì mú. Mo fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ̀.

Nítorí náà, igi tiyín ni kí ẹ gbé lọ, ìrókò tàbí apá gbígbẹ, kí gíga rẹ̀ tó èyí tí ẹ ń là nílé. Ẹ ní kí oníṣòwò fi fẹ́ǹsì gé e lójú yín, kí ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èyí tó bá jáde. Kí ó tó gé e, ẹ de fẹ́ǹsì le, ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe ti tèmi. Ẹ gbé try-square, irin tí a fi ń wo igun ṣánṣán, lé tábìlì, ẹ wò ó bóyá fẹ́ǹsì àti bíléèdì dúró ṣánṣán. Bí ó bá ní kò sí àyè, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹ sì wo fólítì mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ Japan ló ti wá, fólítì 100 ni iná ilé wọn níbẹ̀, iná tiwa á jó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí tiransifọ́mà.

Pákó ìrókò títọ́ kan tí mo fi clamp de mọ́ tábìlì níwájú àti lẹ́yìn ni fẹ́ǹsì mi báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Irin tó bá ẹ̀rọ wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń sá aṣọ lé e.