Ìgò méjì kò tó ilé wa: òògùn kúrúnà tí mo rà ní Wàndó

Ìgò méjì ni mo kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìṣe. Èèyàn mẹ́jọ là ń sùn nínú ilé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin): èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ mi, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo ìsinmi iléèwé lọ́dọ̀ wa. Mo ra méjì nítorí pé èèyàn méjì ni mo rí tó ń họra. Ahun ló ṣe mí, ó sì jẹ mí níyà oṣù kan gbáko.

Òògùn tí mò ń wí yìí, benzoate de benzyle ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó funfun bíi wàrà, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí èèyàn da lọ́fíńdà sínú kẹrosíìnì. Kúrúnà ló wà fún, àrùn ara yíyún tí kòkòrò wẹẹrẹ tó ń wọ abẹ́ awọ ń fà. Kì í ṣe ti làpálàpá, kì í ṣe ti àléfọ́, kì í ṣe ti irorẹ́ ojú. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí pé aládùúgbò wa kan tọrọ ìyókù tèmi lọ fi pa làpálàpá ọrùn ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ké títí ilẹ̀ fi ṣú, làpálàpá sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé kúrúnà wọlé, mi ò sì bá a wí. Níbi tó ti ń kàwé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá kan. Kúrúnà kì í bèèrè bóyá èèyàn wẹ̀ tàbí kò wẹ̀. Ara tó bá ti kan ara pẹ́ lórí ẹní, ó ti kọjá. Òun àti àwọn ọmọkùnrin mi méjì jọ ń sùn. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, ìkejì lọ, ìkẹta lọ, kò sí nǹkan. Ó di bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún kí Ràfíù ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í họra lóru. Ní ọ̀sán, a óò ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tí a bá ti bora tán, ìyà bẹ̀rẹ̀. Mo ní ooru ni, mo bu páúdà fún un.

Lọ́jọ́ kan ní ìsọ̀ mi, mo ní kó bá mi na aṣọ fún oníbàárà. Bó ṣe ya ìka ni mo rí àárín wọn. Kókó wẹẹrẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fa ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ ojú ni ìlà kan tó rí bí eérú, tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí kò gùn tó orí èékánná mi, bí ẹni pé wọ́n fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ fà á sábẹ́ awọ. Ilé tí kòkòrò náà gbẹ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, kí ẹ má wulẹ̀ wá a. Abo rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò yẹn, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, bíi méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́. Oníbàárà mi rí i bí mo ṣe ń wò ó, ó rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Kí n tó dé fámasí ní Wàndó, ládùúgbò kan ní Àjàṣẹ́ níbí, mo ti kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Obìnrin kan tó ń pàtẹ ìpara lórí tábìlì (mi ò ní sọ ibi tó ń jókòó sí) fa tíúbù kan yọ, ó ní ó ń wo làpálàpá, ó ń wo àléfọ́, ó ń wo kúrúnà, ó sì tún ń mú ara dán. Mo rà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni ara Ràfíù fi dákẹ́ rọ́rọ́, ó sùn, èmi náà sùn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dé ìdodo, ó ti dé ìdí, ó ti dé abíyá.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní fámasí gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, dáadáa. Ó gba tíúbù náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan: clobétasol. Ó ní, "Ìyá wa, èyí ò pa kòkòrò. Ara ló pa lẹ́nu mọ́." Yíyún yẹn, ó ní ara ló ń bá kòkòrò jà, tí a bá fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa á, ara á dáwọ́ ìjà dúró, kòkòrò á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bákan náà ló ń ṣe làpálàpá. Etí rẹ̀ tó rí róbótó á parẹ́, èèyàn á rò pé ó ti lọ, ó sì ń tàn lábẹ́lẹ̀. Irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló ń fa làpálàpá, ìpara clotrimazole tàbí terbinafine ni wọ́n sì ń fi pa á, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kódà tó bá ti dà bí ẹni pé ó lọ. Ti orí ni ìpara kò ràn. Èyí tí wọ́n ń gbé mì ni wọ́n ń lò fún un. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rántí àwọn tó ń ra tíúbù kan náà láti fi bó ara, tí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti fẹ́lẹ́ débi pé ẹ óò máa ka iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá bi mí pé, "Èèyàn mélòó lẹ jẹ́ nílé?"

"Méjì ló ń yún."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, ìyá wa."

Ẹni tí kò ní kúrúnà rí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà yẹn ó ti ń kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé ló gbọ́dọ̀ fi òògùn pa ara lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹni tó ń yún àti ẹni tí kò yún. Mo gbọ́. Mo mi orí. Mo ra méjì.

Ó ní kí n ra búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan tó rọ̀, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, torí pé ó dára ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún ẹ̀yìn àti àárín ìka. Mo rí ọgbọ́n níbẹ̀. Èèyàn á wẹ̀, á gbẹ, a óò sì kùn ún láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, ìdodo, abẹ́ ọmú, itan, kò sí ibi tí a óò fò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ojú tàbí ẹnu. Yóò wà lára fún wákàtí 24. Ẹni tó bá fọ ọwọ́, kó tún fi pa ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì, a fọ̀ ọ́ kúrò, a sì tún un ṣe. Ti àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 2 sí 12, ìwọ̀n òògùn kan sí ìwọ̀n omi kan ló ní kí n là á. Ẹ má fi ìwọ̀n tèmi po ti ọmọ yín o. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín lórí páálí níbẹ̀, pàápàá tí aboyún bá wà nílé.

Ó ń ta ni. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi tó. Ibi tí èèyàn bá ti họ tí awọ ti bó, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo ra á. Ọkọ mi, ẹni tí kì í jó níbi ìnáwó kankan, jó yípo àgbàlá wa lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Tó bá di bí ìdajì wákàtí, ó máa ń rọlẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ mi, ọmọbìnrin mi àgbà, èmi: ìgò méjì tán. Mo lọ bá ìyá ọkọ mi, ọkàn mi sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n kọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ara mi ò yún mi. Ṣé ògiri ni mí ni, tí o fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn mí lẹ́fun?" Ọ̀dọ̀ wọn sì ni Àmínà ń sùn, èyí tí kò tíì pé ọdún méjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ Àmínà kún fún ìléròrò wẹẹrẹ, Ràfíù sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo bínú sí òògùn náà, mo ní ayédèrú ni. Ibi àsàlátù ọjọ́ Sunday ni ìyá ọkọ mi ti gba ẹ̀kọ́ tiwọn: àárín àdúrà ni ìyún mú wọn lábẹ́ ìró, níbi tí àgbàlagbà kò lè nawọ́ sí lójú ẹgbẹ́. Wọ́n wọlé, wọn ò tíì bọ́ gèlè. "Ìyàwó, gbé ọ̀dà yẹn wá."

Mo ra mẹ́ta sí i. Lọ́tẹ̀ yìí àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ la kùn, alẹ́ kan náà. Àmínà nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀, òògùn kan sí omi mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré, wákàtí 12. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó má baà lá ìka. Aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, ìborùn, omi gbígbóná ni gbogbo wọn rí. Gèlè tí kò ṣeé sè àti fìlà ọkọ mi, inú ọ̀rá ni mo dì wọ́n sí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, torí pé kòkòrò yìí kì í lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ láyé tí kò bá rí ara èèyàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ara ṣì ń yún wa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ ra ìgò mìíràn. Ọmọbìnrin yẹn ló ní kí n sinmi, pé òkú kòkòrò àti ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ awọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó lọ tán, tí mo bá sì ń dà á lé ara lójoojúmọ́, òògùn náà gan-an ló máa bó wa láwọ. Òrí ni mo fi ń pa wọ́n. Ó lọ lóòótọ́.

Ẹ̀sùn mi: Faransé nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin kòkòrò náà. Ìdérí ìgò kan ń jò, ó ba aṣọ kan jẹ́ fún mi nínú báàgì. Owó rẹ̀ kò ju ti adìyẹ kékeré kan lọ, ìyẹn dára. Ìpara kan wà tí wọ́n ń pè ní perméthrine tí kì í ta ni bẹ́ẹ̀, ó wọ́n jù ú lọ, kò sì sí nílé lọ́jọ́ tí mo lọ. Oògùn oníhóró wà pẹ̀lú, ivermectine, èyí tí àwọn ará wa lápá Ṣábẹ̀ mọ̀ nítorí àrùn eṣinṣin etí odò tó ń fọ́ni lójú; ṣùgbọ́n wọn kì í fún aboyún, wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì wọ̀n tó kílò 15. Ìyá mi ní Kétu ní ká po imí ọjọ́ mọ́ àdín. Mo fẹ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin fámasí ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé imí ọjọ́ ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọwọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ni ìṣòro.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Ọ̀kan tí mo yọ, ti títa tó ń ta ni àti ti ìdérí tó ń jò ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ìyá ọkọ mi ti ní kí n lọ bèèrè bóyá òògùn wà nílé, wọ́n sì ti fi ọṣẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.