Ká sùn nínú ọkọ̀ ni, àbí ká sùn ní etíkun? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ òkun ní Maldives

Látìgbà tí ẹgbẹ́ wa ti ń múra àádọ́ta ọdún, tí a sì fẹ́ lọ wọ abẹ́ òkun ní Maldives, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin regbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: "Alhaja, èwo ló dáa ká sanwó fún, èyí tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀ ni, àbí ti ilé àlejò?" Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé lórí fóònù. Mo ṣe ti ilé àlejò lọ́dún 2023, mo ṣe ti ọkọ̀ lọ́dún 2025. Owó ara mi ni mo fi ṣe méjèèjì.

Mi ò ní sọ fún yín pé omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ẹ ti rí fọ́tò. Ẹni tó bá gba yàrá nílé àlejò wà ní ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí ọmọ onílùú ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń múni wọ abẹ́ omi kò jìnnà, wọ́n á gbé yín jáde láàárọ̀, ẹ ó padà wá jẹun ọ̀sán. Ní ti ọkọ̀, inú rẹ̀ nilé yín fún ọjọ́ méje. Àwọn erékùṣù Maldives tó bíi 1,190, wọ́n tò yípo yípo bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọkọ̀ á sì máa gbé yín láti òrùka kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ibẹ̀ lẹ sùn.

Ta ló ń sọ pé ọkọ̀ máa gbéra?

Ibí ni owó mi ti jóná, ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́.

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí kò tíì jókòó sínú mọ́tò rí ní Ìbàdàn Garage, tí agbèrò ń pariwo "Ó ku ẹnì kan, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹnì kan yẹn á wọlé, wọ́n á tún ní ó ku méjì. Bí nǹkan ṣe rí níbi tí mo sanwó sí gan-an nìyẹn, erékùṣù kan tí mi ò ní dárúkọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó sanwó.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la fẹ́ wọ omi. Alhaji tẹ̀lé wa lọ sinmi ni, òun kì í wọ omi. Láti ilé la ti san dọ́là 550 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ kìíní, a jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn. Ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti wọ aṣọ rọ́bà yẹn tán, èyí tó máa ń fún mọ́ra bí awọ ìlù, ooru ń mú wa lórí afárá èbúté. Ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù jáde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó wo orúkọ wa méjèèjì, ó mi orí. Ẹni mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó ra epo sọ́kọ̀. "Lọ́la, in sha Allah."

Ọjọ́ kẹta, ẹni mẹ́rin pé, atẹ́gùn ní rárá. Ìgbì ń kọlu ẹ̀gbẹ́ tí èbúté wọn kọjú sí, kò sì síbòmíràn tí wọ́n lè gbà. Ọjọ́ kẹrin, a jáde lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí a lọ lọ́jọ́ kìíní náà la tún lọ, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ jù. Ọjọ́ karùn-ún, ẹni méjì. Ọjọ́ kẹfà, ẹni méjì. Mo bọ́ aṣọ rọ́bà, mo jókòó sórí àga oníke, mò ń wo omi tí mo ti sanwó rẹ̀. Ọjọ́ keje, a ò lè wọ omi mọ́ torí bàlúù, mo ṣàlàyé ìyẹn nísàlẹ̀.

Mo ní kí wọ́n dá owó ìgbà mẹ́fà padà. Wọ́n kọ ìwé kan lé mi lọ́wọ́, pé kí n wá lò ó láàárín ọdún kan. Láti Ìjẹ̀bú-Òde! Bíi pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni Maldives wà.

Nínú ọkọ̀ tí à ń sùn, ọ̀rọ̀ "ẹ ò tíì pé" kò sí. Gbogbo wa ti wà nínú rẹ̀ kó tó kúrò ní Malé, olú ìlú wọn. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, wọ́n á lu agogo, ẹ ó mu tíì, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní dhoni. Òun ló ń kó àwọn sílíńdà, ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú wọn náà wà níbẹ̀, ariwo rẹ̀ kì í sì dé etí ẹni tó ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn dé bá tiwa, kápútéènì kàn yí orí ọkọ̀ padà ni, a lọ wọ omi ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí atẹ́gùn ò dé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní Alimathaa, ní àgbègbè Vaavu, wọ́n ní ká kúnlẹ̀ sórí yanrìn ká gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Àwọn ekurá tí wọ́n ń pè ní nurse shark dé, òmíràn gùn jù mí lọ, wọ́n ń fi ikùn gbo yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi bí ajá tó ń wá egungun. Ọ̀kan fi ìrù gbá tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Ìgbà 17 ni wọ́n ṣètò fún wa lọ́sẹ̀ yẹn, mo wọ 16. Etí tó ń dùn mí ló jẹ́ kí n fo ọ̀kan, kì í ṣe agbèrò.

Ìṣirò Ìjẹ̀bú

Mo yọ owó bàlúù sẹ́yìn. Ilé àlejò, lórí èmi nìkan: yàrá 210, oúnjẹ 140, ọkọ̀ ojú omi lílọ àti bíbọ̀ 60, owó orí tí wọ́n ń pè ní Green Tax 21, owó wíwọ omi 550. Dọ́là 981. Ẹ pín in sí mẹ́rin: bíi dọ́là 245 fún ìgbà kan. Ọkọ̀: 1,850, Green Tax 84, owó tí mo fi yá irin iṣẹ́ 200, ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ 110. Dọ́là 2,244. Ẹ pín in sí 16: bíi dọ́là 140.

Ká ní wọ́n mú mi jáde nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni, dọ́là 98 péré ni ì bá jẹ́, ilé àlejò ì bá sì borí. Mo sọ ọ́ kẹ́nì kankan má bàa ní mò ń ṣègbè.

Owó orí yẹn ti lé sí i láti January 2025: dọ́là 12 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀, 6 nílé àlejò tí yàrá rẹ̀ kò bá ju 50 lọ. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú iye tí wọ́n pè fún yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sí níbẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí

Ilé àlejò ni kẹ́ ẹ ti kọ́ wíwọ abẹ́ omi. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, Open Water, kò jù mítà 18 lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, Advanced, dé 30, òfin Maldives náà kò sì gbà kí ẹni tó ń wọ omi fún ìgbádùn kọjá 30. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ẹni tí kò ní Advanced, àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè pé kí ènìyàn ti wọ omi nígbà 50, torí ẹnu ọ̀nà tí òkun ń gbà wọ àárín àwọn erékùṣù ni wọ́n ń gbé yín lọ, omi ibẹ̀ sì ń ṣàn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ ó fi ìwọ̀ kékeré kọ́ òkúta, ẹ ó máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá níbẹ̀, àwọn ekurá á máa kọjá. Ẹni tí omi ò tíì mọ̀ ò lè gbádùn ìyẹn.

Àwọn yòókù, kíá

Òòyì: ọkọ̀ máa ń mì, àmọ́ ààrin àwọn erékùṣù ló sábà ń sùn mọ́jú, omi ibẹ̀ sì rọlẹ̀. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ ní àárín ọkọ̀, òun ló ń mì kéré jù, òun náà ló sábà ń dínwó jù.

Oúnjẹ: mas huni, ẹja tuna tí wọ́n fi àgbọn àti ata pò, ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú lọ, mo fi mas huni mu ún. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrun àti ọtí: mọ́ṣáláṣí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, kò sì sí ọtí lórí erékùṣù onílùú. Ọkọ̀ ń ta ọtí. Kò dí mi lọ́wọ́.

Bàlúù: ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 24 lẹ́yìn tí ẹ bá wọ omi kẹ́yìn. Nitrogen, afẹ́fẹ́ kan tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ omi, gbọ́dọ̀ rọra jáde. Tí ẹ bá kánjú gòkè, á hó bí ìgò mínírà tí wọ́n gbọ̀n kí wọ́n tó ṣí i. Ọkọ̀ ti ka ọjọ́ yẹn mọ́ ètò rẹ̀. Nílé àlejò, ẹ̀yin lẹ ó kà á fúnra yín. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ wíwọ abẹ́ omi: yàrá onírin tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àìsàn yẹn wà ní Bandos, nítòsí Malé, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ìwé: físà 30 ọjọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ bá débẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àtibọ̀ àti ìwé ibi tí ẹ ó sùn ni kẹ́ ẹ mú dání, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ láàárín wákàtí 96 ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò.

Àsìkò: àsìkò tí ẹgbẹ́ fẹ́ lọ yìí, lẹ́yìn Ojúde Ọba, òjò àti atẹ́gùn ló wà níbẹ̀. Ẹja manta pọ̀ lásìkò náà, owó sì ń wálẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ọjọ́ kẹta tèmi.

Èwo wá ni?

Méjèèjì ló níbi tó dáa sí. Ẹni tó ń bá ọkọ tí kì í wọ omi rìn, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, ilé àlejò kò burú fún un. Kó kọ́kọ́ béèrè iye ẹni tó gbọ́dọ̀ pé kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó sì máa san owó ọjọ́ kan lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti ní Advanced, tó jẹ́ pé omi ló bá lọ, kó wá bá mi ká jọ wo yàrá ìsàlẹ̀ tó kù.

Alhaji ní tòun, ilé àlejò lòun ó tún lọ, ó ní òun sùn dáadáa níbẹ̀. Òun kúkú ni kò sanwó omi.